Ẹ̀rọ Omi Tí Wọn Kò Tíì Ṣí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ aráyé ṣì lè borí ìdọ̀tí, èéfín àti ooru tó ń gorí ooru yìí, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òkè òkun. Kó wá bi wá ní Pópó Àgùdà. Àwa ti borí rẹ̀ rí, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan báyìí, ojú gbogbo wa ló sì ṣe. Ohun tó kàn fà wá sẹ́yìn díẹ̀ ni pé a ń wá ẹni tó máa gé ríbọ́ọ̀nù.

Gregory ni orúkọ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni atọ́kùn ètò àdúgbò wa. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni. Bí wọ́n bá ń sìnkú àgbà, èmi náà ni. Bí ológbò bá bímọ, tí ẹnìkan sì gbé makirofóònù kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń fi Ọnọrébù Septimus ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí pé ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ẹ má sì bi mí bí mo ṣe mọ ohun tí wọ́n sọ nínú pálọ̀ rẹ̀. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, bí ẹnìkan bá sín nínú ilé kan, ilé kejì ló ń dáhùn.

Ọmọ àdúgbò wa ni Septimus. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi í jẹ Alága Ìgbìmọ̀ Ìgbógunti Ìdọ̀tí, Èéfín àti Ìyípadà Ojú Ọjọ́. Kó tó gba oyè yìí, ó ń rìn bí ènìyàn. Lẹ́yìn tó gbà á tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú ilẹ̀. Ó ní akọ̀wé kan, Christabel, tó ń gbé ìwé ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí Ọnọrébù kì í kí ènìyàn láìka á jáde láti inú ìwé.

Àwa náà ò ràn án lọ́wọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀sà tó sì tù wá lára, ọ̀kan nínú wa á ní, "Ọnọrébù, ẹ ṣeun o." Ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Nígbà tó wá pẹ́ díẹ̀, bí atẹ́gùn bá fẹ́ tí a ò dúpẹ́, á máa wò wá bí aláìmoore. Bí ooru bá mú, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn o, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀.

Ìwọ́de tí a ṣe lòdì sí èéfín ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni a fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èéfín rẹ̀ sì bo orí pèpéle tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí Ọnọrébù mọ́. Ikọ́ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Èmi ni mo gbé makirofóònù, mo ní, "Ẹ wo bí ìkùukùu ṣe sọ̀kalẹ̀ wá bọlá fún un!" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n mu piọ́wọ́tà, wọ́n sì sọ ọ̀rá rẹ̀ sínú gọ́tà.

Igi àgbọn kan tún wà. Ọnọrébù gbìn ín ní Ìsàlẹ̀ Gángan, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n hú u, wọ́n gbé e lọ gbìn ní Marina, wọ́n tún ya fọ́tò. Wọ́n hú u níbẹ̀ náà, ó di ọ̀dọ̀ tiwa. Igi kan ṣoṣo yìí di igbó kìjikìji nínú ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀. Nígbà tí àárẹ̀ ìrìn àjò pa á, a dìde dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láti bọlá fún un, èmi ni mo sì dá orin.

Ẹ ti rí irú ènìyàn tí a jẹ́. Ó kù kí n sọ ti ẹ̀rọ.

Láyé àwọn bàbá wa, bí òjò bá rọ̀, omi a gba gọ́tà lọ sí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ a tán síbẹ̀. Láyé tiwa, ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti kún sí i. Bó bá kún tí òjò sì dé, omi kì í rí ibi lọ mọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀sà a tilẹ̀ ti tirẹ̀ mọ́ ọn, a dá gbogbo rẹ̀ padà sí wa, pẹ̀lú ọ̀rá piọ́wọ́tà tí a sọ sí gọ́tà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó máa fa omi inú gọ́tà, tó sì máa tì í kọjá ògiri sínú ọ̀sà. Fúnṣọ́, mẹkáníìkì ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló gbé e kalẹ̀ sí ìpẹ̀kun òpópónà wa. Ó so ó pọ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Ọnọrébù.

"Ó ti ṣe tán, sà. Ẹ kàn máa yí i ni."

Ọnọrébù sún sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. "Fúnṣọ́! Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, ṣé wọ́n máa ń rán an lọ ra iyọ̀? Ẹ̀rọ tí a kò tíì ṣí kì í ṣiṣẹ́!"

A pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì dùn létí. Fúnṣọ́ pàápàá pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá fi ríbọ́ọ̀nù pupa wé ẹ̀rọ náà yípo, wọ́n sì ní kí a dúró de Ẹni Ńlá kan láti òkè tó ń bọ̀ wá ṣí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àdúgbò yìí ni mo ṣì ń gbé. Kò sí àgádágodo lára ẹ̀rọ yẹn, kò sí ọlọ́pàá níwájú rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù lásán ni. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń jí gíláàsì ojú ọkọ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kan ríbọ́ọ̀nù náà.

Ẹni Ńlá ò ráyè. Ó wà ní òkè òkun níbi ìpàdé kan, wọ́n ń jíròrò bóyá ọmọ ènìyàn ṣì lè borí ìyípadà ojú ọjọ́. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ìpàdé mìíràn tún dé, wọ́n tún un sún. Òjò kò mọ̀ nípa gbogbo èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni Màríà, tó ń yan búrẹ́dì Àgùdà, àti ìyá rẹ̀, Màmá Joanna. Màmá Joanna ló dàgbà jù ní gbogbo òpópónà wa. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Yàrá ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òpópónà lọ ni wọ́n ń sùn sí nínú ilé tí àwọn bàbá wọn kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bràsíl dé, àtẹ̀gùn pákó tó lọ sókè sì ti jẹrà, kò ṣe é gbé arúgbó gùn. Nígbà tí omi kọ́kọ́ wọlé, Màríà fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀ sókè. Òjò kejì dé, ó fi búlọ́ọ̀kù kún un. Òjò kẹta dé, ó tún fi kún un. Màmá Joanna ní tó bá ń lọ báyìí, àwọn á kan àjà ilé kí àwọn tó kan ọ̀run.

Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Màríà. Bí omi bá dé lójijì nígbà tí òun wà nídìí ààrò, ta ló máa gbé ìyá òun? Ó wé gèlè, ó lọ bá Ọnọrébù ní pálọ̀.

"Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Fúnṣọ́ tan ẹ̀rọ yẹn. Màmá ò lè dìde. Tí omi bá dé orí ibùsùn, ibẹ̀ ló máa bá wọn."

Ọnọrébù wo Christabel, Christabel ṣí ìwé, kò sí ohun tó jọ ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ó wá sọ tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. "Àǹtí Màríà, ìrora yín, ìrora mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó bí ẹni tó lajú. Tí a bá tan ẹ̀rọ lónìí tí gbogbo ibí gbẹ, kí ni Ẹni Ńlá fẹ́ wá ṣí?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ṣí ilẹ̀ gbígbẹ, Ọnọrébù."

"Ha! Fọ́tò ilẹ̀ gbígbẹ? Ta ló máa mọ̀ pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni?"

Ó fún un ní búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sí i, ó sì ní kí wọ́n ya òun bí òun ṣe ń fún un. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kan mú kó má ṣubú nínú fọ́tò. Màríà kò wo kámẹ́rà. Ojú mi ni ó ń wò, mo sì gbé ojú kúrò.

Ìgbà tó ṣe, ọjọ́ pé. Ẹni Ńlá ti dé láti òkè òkun, ó ní òun ń bọ̀. A ta ìbòrí, a to àga, a gbé àga alárán pupa kan síwájú gbogbo àga fún un. A gbé àlùmọ́gàjí olómi góòlù lé orí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ojú ọ̀run ṣú láti òwúrọ̀. Ọnọrébù ní kò séwu, òjò mọ òun.

Òjò náà sì dé láti wá kí i.

A ò dìde. Ta ló máa dìde nígbà tí Ọnọrébù ti wà lórí pèpéle? Christabel ṣí agboòrùn, ó fi bo ìwé ọ̀rọ̀, omi ń ro lára òun fúnra rẹ̀. Ọnọrébù gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì pàtàkì, ìbéèrè kan ń da àgbáyé láàmú: ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn ṣì lè borí? Mo wo òkun, òkun wojú ilẹ̀. Mo wo òfuurufú, òfuurufú ní, Septimus, ọwọ́ rẹ ni mo wà. Mo sì dáhùn, mo ní, Òfuurufú, fọkàn balẹ̀! Ìyípadà ojú ọjọ́ ti gbọ́ orúkọ mi, ó ti ń gbọ̀n!"

Ààrá sán. Mo já makirofóònù gbà, mo ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá a lóhùn!" Àtẹ́wọ́ sọ. Omi ti kan ọrùn ẹsẹ̀ wa nígbà yẹn. A gbé ẹsẹ̀ lé ìdí àga tó wà níwájú wa, a sì ń pàtẹ́wọ́ lọ. Bàtà ẹnìkan láti ìjókòó àwọn ọlọ́lá léfòó kọjá níwájú mi. Mo kí i.

Ibẹ̀ la wà tí Màríà fi sáré wọlé, láìsí gèlè, láìsí bàtà.

"Omi ti dé orí búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn! Ọnọrébù, ẹ tan ẹ̀rọ!"

"Àǹtí mi, ẹ ṣe sùúrù. Ẹni Ńlá ti dé Marina. Wọ́n ń bọ̀."

"Ìyá mi wà nínú omi!"

"Èmi náà wà nínú omi," ni Ọnọrébù wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè kó rí i. "Gbogbo wa la wà nínú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí."

Màríà kò dúró gbọ́ àtẹ́wọ́ ìyẹn. Ó gbá Fúnṣọ́ lápá mú, ó pe ọkùnrin méjì mìíràn, ó sì ki àga alárán ti Ẹni Ńlá mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn wọn, àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Nǹkan ti wá di pàjáwìrì, ó yẹ kí á yan ẹni tó máa gé ríbọ́ọ̀nù dípò Ẹni Ńlá. Ẹnìkan ní kí pásítọ̀ gé e. Ẹlòmíràn ní tí pásítọ̀ bá gé e, lémọ́ọ̀mù ńkọ́? Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dì í mú pọ̀, wọ́n wá ń jiyàn lórí ẹni tó máa fi ọwọ́ ọ̀tún dì í. Alága àwọn onílé ní òun náà kò ní gbẹ́yìn. Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní atọ́kùn kì í gé nǹkan, pípè ni tiwa. Ẹnìkan rántí pé a ò tíì gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀ lórí tìmùtìmù, tìmùtìmù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Wọ́n gbé Màmá Joanna dé. Àga alárán ni wọ́n jókòó lé, wọ́n rẹ gbingbin, aṣọ ìsùn wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì ń gbọ̀n. N kò rí ìyá yìí níta láti ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n kéré ju bí mo ṣe rántí wọn lọ.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni wọ́n wí.

Mo ní, "Màmá, ẹni tó máa gé ríbọ́ọ̀nù ni."

Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ríbọ́ọ̀nù, wọ́n wo gbogbo wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ wa lókè. "Nínú gbogbo ẹ̀yin tó wà níbí, ta ló jù mí lọ?"

Pásítọ̀ wo lémọ́ọ̀mù, lémọ́ọ̀mù wo omi.

"Ẹ gbé àlùmọ́gàjí wá."

Ọnọrébù sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pèpéle kíákíá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ètò ní ìlànà!"

"Ìlànà wo ló ju àgbà lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Ṣé Septimus nìyí? Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ bí ọ sí. Èmi ni mo gé ìwọ́ rẹ. Ká ní mo ní kí Ẹni Ńlá dé kí n tó gé e lọ́jọ́ yẹn, ṣé wàá dàgbà débi tí o ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ìlànà?"

Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù náà. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan kò já, wọ́n tún un gé. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á pàtẹ́wọ́ fún Màmá!" Fúnṣọ́ kò dúró de àtẹ́wọ́, ó ti yí kọ́kọ́rọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, a rò pé kò ní dún. Gbogbo wa ló ti dá a lẹ́jọ́ nínú ikùn pé òfìfo ni ẹ̀rọ náà, pé wọ́n ti kó inú rẹ̀ tà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, à bá mọ ohun tí a ó ṣe. A mọ bí wọ́n ṣe ń bú olè, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà dún. Ó ń fa omi lọ gbuurugbu. Omi kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ wa, ó kúrò lábẹ́ àga, ilẹ̀ yọ. Ó dára, ó péye, ó sì ti dára bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà wá, ní gbogbo òjò tí Màríà fi ń gbé búlọ́ọ̀kù. Ẹnikẹ́ni nínú wa ni ì bá ti já ríbọ́ọ̀nù yẹn pẹ̀lú eyín. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè wò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ makirofóònù, èmi fúnra mi ni mo gbé e kúrò lẹ́nu.

Ìgbà náà ni Ẹni Ńlá dé. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ó fi bàtà funfun méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó rí ríbọ́ọ̀nù nílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí.

"Ta ló ṣí i?"

Ọnọrébù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ìka. "Ìyá yẹn ni, Your Excellency. Mo kọ̀, mo kọ̀, wọ́n fipá ṣe é ni."

Ó na ìka sí Màmá Joanna. Sí ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀, tó ń gbọ̀n nínú aṣọ ìsùn, lójú àlejò. Ariwo "Háà!" kan jáde lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan náà. A lè dárí gbogbo nǹkan ji ènìyàn ní Pópó Àgùdà, ìgbéraga, irọ́, igi àgbọn tó ń rìn. A ò lè dárí èyí jì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni," ni Màmá Joanna wí. "Ṣé kí n tún un gé?"

Ẹni Ńlá kò tilẹ̀ wò wọ́n. "Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ so ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Àwọn oníkámẹ́rà ń dúró."

Ẹ wá gbọ́ o. Bí ojú ṣe tì wá tó yẹn, àwa kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wá ríbọ́ọ̀nù. Èmi ni mo rí ẹ̀gbẹ́ kan. Màríà dúró níwájú ẹ̀rọ, ó ní kò sí ẹni tó máa pa á níṣojú òun. Fúnṣọ́ ká apá mọ́ àyà. Ọnọrébù fúnra rẹ̀ ló yí Màríà ká, ó tẹ̀ ba, ó sì pa ẹ̀rọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ẹni Ńlá.

Ọ̀sà kún lọ́jọ́ yẹn. Omi tó wà ní ẹnu ògiri kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó padà wá gba inú gọ́tà wálé, dúdú, ó ń rùn, ó kó gbogbo ọ̀rá piọ́wọ́tà wa dání. Bàtà funfun ló kọ́kọ́ bá.

"Tan án!" ni Ẹni Ńlá ké. Ó ń fò bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. "Ẹ tan án! Ẹ tan ẹ̀rọ yìí!"

Fúnṣọ́ ní, "Ríbọ́ọ̀nù ńkọ́, sà?"

"Ríbọ́ọ̀nù kí ni? Tan án!"

Fúnṣọ́ tan án. Omi lọ. Ẹni Ńlá dúró, omi gọ́tà ń ro ní ṣòkòtò rẹ̀, ó yíjú sí Septimus. "Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lo pa, tí o fi omi gọ́tà fọ ẹsẹ̀ mi lójú kámẹ́rà. Láti òní lọ, wábi gbà." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa gbogbo òjò tí ẹ̀rọ fi jókòó lásán, kò béèrè orúkọ ìyá tó jókòó lórí àga rẹ̀. Torí bàtà lásán ni wọ́n ṣe lé Septimus.

Ó dúró síbẹ̀ láàárín wa. Ó wo Christabel, Christabel pa ìwé dé. Ó wá wo èmi, bí ẹni tó ń retí kí n sọ̀rọ̀ tó máa gbé e dúró, bí mo ṣe máa ń ṣe. Makirofóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo pa á. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi náà sì ṣe mí. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sílé, kò sì sí ẹni tó pè é ní Ọnọrébù mọ́ títí di òní.

Òjò mìíràn rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọn ò tíì yan alága tuntun. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, nítorí wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n sọ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa pé sídìí ẹ̀rọ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ń wo omi bó ṣe ń gòkè nínú gọ́tà. Kò sí ríbọ́ọ̀nù. Kò sí ẹni tí a ń dúró dè. A wojú ara wa. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì pàtàkì," ni mo bẹ̀rẹ̀, "kí á tó..."

Ohùn Màmá Joanna jáde láti ojú fèrèsé. "Gregory! Ṣé kí n tún máa bọ̀ ni?"

Màríà já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ dún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀sà, mo ṣì la ẹnu sílẹ̀.